Kí ló ń pa àwọn díspáàṣì lójú títì Lọ́kọ́ja?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìsánlú ni mí, Lọ́kọ́ja ni mo ń gbé báyìí. Díspáàṣì ni mí, ọ̀kadà ni mo fi ń gbé ẹrù fún àwọn oníbàárà: oúnjẹ, aṣọ, fóònù, nígbà mìíràn oògùn. Iye ẹrù tí mo bá gbé dé lójúmọ́ ni wọ́n fi ń sanwó fún mi. Bí ẹrù bá pẹ́, ọ̀gá ń yọ lára owó mi. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wọ abẹ́ tírélà lóṣù tó kọjá. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń pè mí láràárọ̀. Kí gan-an ló ń pa wá lójú títì, kí ni mo sì lè ṣe sí i? Ọ̀gá tún fẹ́ kí n máa gbé ẹrù lọ sí Kàbà nírọ̀lẹ́. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Òkun o, àbúrò mi. Bá mi kí ìyá rẹ, kí o sì sọ fún wọn pé ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn ọlọ́kadà àti àwọn awakọ̀ akẹ́rù bí a ṣe ń lo ojú títì, mo sì ti tọpinpin ọ̀pọ̀ jàǹbá ní agbègbè wa yìí, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Lọ́kọ́ja. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni n ó ṣe sọ ọ́ fún ọ.

Ohun tó ń pa ẹ̀yin díspáàṣì jù ni ìkánjú tí wọ́n so mọ́ owó yín. Mo mọ̀ pé tírélà lo rò pé n ó kọ́kọ́ dárúkọ. Tírélà ń pa ènìyàn lóòótọ́, mo sì ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè yà fún tírélà bí kò bá sí ohun tó ń lé e. Ẹni tó mọ̀ pé bí aago bá lu báyìí, owó òun ti dín, kì í lè dúró. Á máa fi ojú kan wo fóònù, á fi ojú kan wo títì. Á wọ inú àlàfo tí kì bá tí wọ̀ ká ní ọmọ rẹ̀ ló gbé sẹ́yìn. Mo ti bá ọ̀pọ̀ wọn sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Èyí tó pọ̀ nínú wọn mọ òfin ojú títì dáadáa. Ohun tí wọ́n ń sọ fún mi ni pé, “Oníbàárà ń pè, ọ̀gá náà ń pè.”

Ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní oníbàárà rẹ wà ní kìlómítà 6 sí ọ. Bí o bá ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan láìdúró níbì kankan, ìṣẹ́jú 6 lo máa lò. Bí o bá ń sá 40, ìṣẹ́jú 9 ni. Ìṣẹ́jú 3 péré ni ìyàtọ̀ wọn, kò sì lè tó bẹ́ẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, nítorí bọ́ńpù, kẹ̀kẹ́ NAPEP àti èrò ọjà á dá ọ dúró náà ni. Wàyí o, wo ohun tí o fi ra ìṣẹ́jú 3 yẹn. Ní 40, ọ̀kadà rẹ ń jẹ mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọdé bá já sí títì, láti ìgbà tí ojú rẹ bá rí i títí tí táyà rẹ á fi dúró, ó máa tó nǹkan bíi mítà 22, lójú títì gbígbẹ, pẹ̀lú bíréèkì tó dára. Ní 60, ó máa tó nǹkan bíi 42. Ìdí ni pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì nílò láti fi dá ọ dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí o bá sì yí ojú sí fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá 2 péré ní 40, o ti rin mítà 22 láìríran. Gbé ìṣírò yìí lọ bá ọ̀gá rẹ. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí gbogbo ọlọ́kadà Lọ́kọ́ja mọ irú ìlú tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Lọ́kọ́ja há sáàárín Òkè Patí àti Odò Ọya. Ilẹ̀ tó tẹ́jú níbẹ̀ kò fẹ̀. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀nà láti Àbújá ti pàdé ọ̀nà Òkènè, ọ̀nà Ajàòkúta àti ọ̀nà tó gba Obájànà wá sílé wa ní Kàbà. Tírélà sìmẹ́ńtì, ọkọ̀ agbépo, ọkọ̀ tó kó màlúù àti tòmátì wá láti Òkè Ọya, gbogbo wọn ló ń gba àárín ibi tí ìwọ ti ń wá nọ́ńbà ilé oníbàárà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ọkọ̀ agbépo kan pàdánù ìjánu ní Fẹlẹlẹ ní Lọ́kọ́ja, ó sì gba ẹ̀mí tó lé ní 20, àwọn ọmọ ilé-ìwé wà lára wọn. Kò sí ohun tí ọlọ́kadà lè ṣe sí irú èyí ju pé kó má pẹ́ níwájú ọkọ̀ ńlá níbi tí ọ̀nà bá ti ń dà gẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá gbọ́ tí ọkọ̀ ńlá ń fun fèrè léraléra lẹ́yìn rẹ, má wulẹ̀ bojú wẹ̀yìn láti mọ ohun tó ṣe é. Kúrò lójú títì pátápátá.

Ṣùgbọ́n tírélà tó ń pa díspáàṣì jù kì í ṣe èyí tí bíréèkì rẹ̀ já. Èyí tó rọra ń yà ní oríta ni, tí awakọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ni awakọ̀ jókòó sí nílẹ̀ wa, ó sì ga sókè. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ rẹ̀, láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé ìdí, ojú rẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa. Abẹ́ imú ọkọ̀ náà kò hàn sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an kò hàn sí i rárá. Ọ̀nà tí o lè fi mọ̀ kò le: bí o kò bá rí ojú awakọ̀ nínú díńgí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun náà kò rí ọ.

Wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Tírélà fẹ́ yà sọ́tùn-ún. Nítorí gígùn rẹ̀, awakọ̀ á kọ́kọ́ fà á sósì kó tó yí orí rẹ̀ padà. Bó ṣe fà á sósì, àyè ńlá kan á ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Díspáàṣì tó ń kánjú á rò pé ọ̀nà ti là, á sì kó sínú rẹ̀. Pàkúté ni àyè yẹn. Táyà ẹ̀yìn tírélà kì í tẹ ipa táyà iwájú bó bá ń yà, inú ló máa ń gé sí. Àyè tó ṣí á bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé láti ẹ̀yìn, irin á sì ti ọ̀kadà mọ́ etí gọ́tà. Bí ọ̀rẹ́ rẹ tó kán lẹ́sẹ̀ bá sọ fún ọ pé òun kò mọ bí tírélà ṣe dé ara òun, gbà á gbọ́. Kò sí ẹni tó sá wá kọlù ú, àyè tó wà nínú rẹ̀ ló parẹ́.

Nítorí náà, dúró sẹ́yìn tírélà ní ibi tí o ti lè rí díńgí rẹ̀ méjèèjì. Bí ó bá sún mọ́ oríta, jẹ́ kó yà tán, yálà ó tan tráfíkétọ̀ tàbí kò tàn án, nítorí ọ̀pọ̀ iná wọn ti kú. Bí o bá máa yà á sílẹ̀, ọwọ́ òsì ni kí o gbà, níbi tí iwájú ti mọ́ kedere, kí o sì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Má ṣe máa bá a rìn ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń tì jáde lè gbọn ọ̀kadà tó ru àpótí. Bí ó bá dúró lórí òkè, fi ibi tó gùn sílẹ̀ láàárín yín, torí pé ọkọ̀ tó kún lè yí padà sẹ́yìn kó tó lọ.

Lẹ́yìn tírélà, ibi tó tún yẹ kí o ṣọ́ra fún ni ìgbà tí ọkọ̀ kékeré bá ń yà kọjá níwájú rẹ. O máa ń gbọ́ kí awakọ̀ sọ pé, “Mo wò, n kò rí i.” Irọ́ kọ́ ni gbogbo ìgbà. Ohun tó bá kéré, ọpọlọ ènìyàn máa ń rò pé ó ṣì jìnnà, àti pé kò yára. Awakọ̀ á rí ọ̀kadà rẹ, á rò pé òun ṣì ráyè, á yà, ẹ ó sì bára yín ní àárín. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tí mo bá kọ́ pé kí wọ́n tan iná iwájú lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n sì wọ ẹ̀wù tó ń dán. Má sì gbára lé ojú awakọ̀, táyà iwájú rẹ̀ ni kí o máa wò. Ojú lè kọjú sí ọ kó má rí ọ, ṣùgbọ́n bí táyà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ọkọ̀ ti ń bọ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ takisí tàbí kẹ̀kẹ́ ló dúró, fún un ní àyè tó tó ilẹ̀kùn kan tó ṣí. Èrò tó ń sọ̀ kì í wẹ̀yìn.

Ní ti bíréèkì, ọ̀pọ̀ nínú yín ń sá fún ti iwájú torí pé ẹnì kan ti sọ fún yín pé ó ń gbéni ṣubú. Bíréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdúró, nǹkan bíi 70 nínú 100. Ẹni tó bá ń lo ti ẹ̀yìn nìkan ti fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Fún un díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìka, má já a lójijì, má sì fún un nígbà tí o bá ń yà tàbí lórí iyanrìn. Wá ibi tí kò sí ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí o dán an wò títí ọwọ́ rẹ á fi mọ̀ ọ́n. Ẹrù inú àpótí náà ń kópa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìwọ̀n bá pọ̀ lẹ́yìn, tó sì ga, iwájú ọ̀kadà á fúyẹ́, kò ní gbọ́ ọwọ́ rẹ mọ́. Ohun tó wúwo ni kó wà nísàlẹ̀, kó sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ. Ọ̀gá tó ń kó àpò sìmẹ́ńtì tàbí jẹnẹrétọ̀ lé ọ lórí ọ̀kadà ti gbé iṣẹ́ ọkọ̀ fún ọ.

Òjò: ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló burú jù, nígbà tí ekuru pupa àti ọ́ìlì tó wà lójú títì bá pò mọ́ omi díẹ̀. Yà síbì kan fún ìgbà díẹ̀, jẹ́ kí òjò fọ títì. Lẹ́yìn náà, má wọ omi tí o kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gba ọ̀nà Gánájà mọ ohun tí omi Odò Ọya ṣe ní 2012 àti ní 2022. Ní ìgbà ọyẹ́, iná rẹ kò gbọdọ̀ kú láàárọ̀. Ooru Lọ́kọ́ja kò ṣàjèjì sí ọ. Ẹni tí kò mu omi láti àárọ̀ á máa pẹ́ kó tó rí nǹkan, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀.

Àṣíborí ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn dáadáa. Ìwádìí tí wọ́n ṣàkójọ rẹ̀ ní 2008 fi hàn pé àṣíborí ń dín ewu ikú àwọn ọlọ́kadà tó bá ní jàǹbá kù ní nǹkan bíi ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní nǹkan bíi ìdá 69. Ṣùgbọ́n èyí tí a so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n là ń sọ o. Èyí tí a kàn gbé lé orí nítorí ọlọ́pàá ló máa kọ́kọ́ fò lọ kí orí tó balẹ̀. Èyí tó bá ti lu títì lẹ́ẹ̀kan, má lò ó mọ́. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí o wọ̀, má wọ sílípáàsì. Bí ọ̀gá bá lówó láti kun orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ sí ara àpótí, ó yẹ kó lówó àṣíborí gidi.

Fóònù ńkọ́? Kí o tó gbéra ni kí o pe oníbàárà, kí o bi í ní àmì ilé rẹ̀, kí o sì sọ fún un pé bí òun bá pè, o kò ní gbé e títí o fi máa dúró. Ọ̀pọ̀ wọn á gbà bí o bá fi sùúrù sọ ọ́. Bí oníbàárà tí o kò mọ̀ rí bá ń yí àdírẹ́sì padà lẹ́ẹ̀kejì, tó ń fà ọ́ lọ sí ẹ̀yìn ìlú níbi tí kò sí ilé, yí ọ̀kadà rẹ padà. Ẹrù kò tó nǹkan tí à ń kú lé lórí.

Ní ti ọ̀gá rẹ: kí gbogbo ẹ̀yin díspáàṣì rẹ̀ jọ lọ bá a, kí ó má jẹ́ ìwọ nìkan, torí ẹni tó bá dá lọ ni wọ́n á sọ pé ó lẹ́jọ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè. Kí owó tí ó ń yọ nítorí pípẹ́ dópin. Kí owó oṣù kan wà tí kò ní dín, kí iye ẹrù wá jẹ́ àfikún lórí rẹ̀. Kí àkókò tí a ń sọ fún oníbàárà jẹ́ èyí tí ẹni tó ń sá kìlómítà 40 lè bá. Fi ìṣírò ìṣẹ́jú 3 hàn án. Ọ̀kadà kan tó bàjẹ́, ẹrù tó fọ́, àti òṣìṣẹ́ tó wà ní ilé ìwòsàn fún oṣù mẹ́ta, yóò jẹ gbogbo owó tí ó rí nínú ìkánjú ọdún kan.

Òfin náà wà lẹ́yìn yín, ọ̀pọ̀ díspáàṣì ni kò sì mọ̀ ọ́n. Òfin tí wọ́n ń pè ní Employee's Compensation Act ti 2010 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó yìí, kí àjọ náà lè tọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ìdílé rẹ̀ bó bá kú. Ó kan ẹni tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹnu lásán, ó sì kan ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ju àkókò díẹ̀ lọ. Bí o bá fara pa, o ní ọjọ́ 14 láti jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀, òun náà sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Kọ ọ́ sínú ìwé tàbí kí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ẹ̀rí wà. Àwọn ọ̀gá kan máa ń gbé ìwé wá tó sọ pé ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, pé olówò aládàáni ni yín. Má fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó mọ òfin tó bá ọ kà á. Béèrè pẹ̀lú bóyá iléeṣẹ́ náà gba ìwé àṣẹ díspáàṣì lọ́dọ̀ NIPOST, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba. Kí ìwọ fúnra rẹ sì ní láísẹ́ǹsì Class A, èyí tó wà fún ọ̀kadà.

Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ bá ṣubú, ohun tí mo ti rí tó ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ ni kí wọ́n fà á dìde, kí wọ́n sì gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà. Bí eegun ọrùn tàbí ti ẹ̀yìn bá ti sán, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa parí rẹ̀. Bí kò bá sí iná tàbí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá kọlù ú, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Má já àṣíborí rẹ̀ kúrò lórí bí ó bá ń mí dáadáa. Tẹ aṣọ mímọ́ mọ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, kí o má ṣí ọwọ́. Pe 122, nọ́ńbà àwọn FRSC, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, má sì jẹ́ kí èrò yí i ká débi tí kò ní rí afẹ́fẹ́. Bí ilé ìwòsàn bá ní àwọn kò ní fọwọ́ kàn án àfi kí wọ́n rí owó tàbí ìwé ọlọ́pàá, sọ fún wọn pé Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún aláìsàn nítorí ohunkóhun. Kí ìwé kékeré wà nínú àpò rẹ tó ní orúkọ rẹ àti nọ́ńbà ìyá rẹ, torí fóònù tó ní páásíwọ́ọ̀dù kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ẹni tí o jẹ́.

Ó ku ti Kàbà. Má gbà á. Ìrìn tó lé ní kìlómítà 70 ni láti Lọ́kọ́ja, lẹ́yìn tí o ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, oòrùn á sì ti wọ̀ kí o tó padà. Láti Obájànà dé Kàbà, kìlómítà 43 ni wọ́n fi kọnkéré ṣe. Títì náà dán, ó sì ń pe eré. Ṣùgbọ́n tírélà sìmẹ́ńtì tó bàjẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè máà ní iná kankan lẹ́yìn, màlúù lè máa kọjá, iná iwájú ọ̀kadà kò sì mọ́lẹ̀ tó láti fi wọ́n hàn ọ́ ní àkókò. O tún mọ ohun tí àwọn ajínigbé ti ṣe fún wa lójú ọ̀nà Kàbà, ní Bùnú, ní Yàgbà àti ní Ìjùmú. Ọlọ́kadà tó dá wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú àpótí ẹrù lẹ́yìn kò ní ibi tó lè sá gbà.

Ohun tí o máa sọ fún ọ̀gá ni pé kó máa fi ẹrù Kàbà ṣọwọ́ sí gáréèjì lálẹ́, kí wọ́n kọ wébíìlì rẹ̀, kí ó bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde láàárọ̀. Kó wá ọlọ́kadà kan tó ń gbé ní Kàbà, tí á lọ gbà á ní gáréèjì, tí á sì pín in káàkiri ìlú lójú oòrùn. Ẹ jọ ṣírò epo ọ̀kadà rẹ lọ àti bọ̀, kí ẹ fi wé owó wébíìlì àti owó ọlọ́kadà Kàbà náà. Bí ọ̀gá bá rí iye rẹ̀ kọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó gbà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá gbà, sọ fún un pé ìwọ kò lè ṣe ti Kàbà, kí o sì máa bá iṣẹ́ ọ̀sán rẹ lọ.